Ẹ Má Fi Ẹnu Yín Sọ Ọ́

Gbólóhùn kan wà tó ti ń jà ràn-ìn ràn-ìn lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ ọ́ níwájú dókítà. Kò pariwo, kò sì bínú. Ó kàn ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín sọ ọ́."

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá kò ní béèrè pé kí ló dé. A mọ̀ pé àfọ̀ṣẹ ń bẹ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sí ìyá tó fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu kan náà. Ṣùgbọ́n dókítà yìí kò wá ṣépè. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú orí ọmọ náà ló fẹ́ sọ, àti ohun tí àwa ará ilé máa ṣe bó bá ṣẹlẹ̀. Bí a bá dí i lẹ́nu níbi ti àkọ́kọ́, ta ló máa sọ ìkejì fún wa?

Ọmọ náà ti fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. Ọmọ ọdún 24 ni, ọkọ̀ ojú omi ló ń wà ní èbúté Ẹ̀pẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń ta ẹja ní Ọjà Olúwó. Ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Ẹ̀fọ́rí òwúrọ̀

Mi ò ní fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gùn yín, torí kò sí ilé tí kò mọ bó ṣe máa ń rí. Orí ń fọ́ ọ, a ní ibà ni. A lo oògùn ibà, a lo ti táífọ́ọ̀dù, ẹnì kan gbé àgbo wá láti Ìtòkín. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní túúlu ni, pé ó máa ń ṣe àwọn nínú ẹbí wọn. Ohun tí a kò kíyè sí ni àsìkò tí ẹ̀fọ́rí náà máa ń wá. Òwúrọ̀ ni, kó tó dìde lórí ibùsùn. Bó bá ti dìde, tó ti rìn díẹ̀, á fúyẹ́. Nígbà mìíràn á bì gbuurugbu láìjẹ́ pé inú ń rú u tẹ́lẹ̀.

Irú ẹ̀fọ́rí bẹ́ẹ̀, tó ń jí èèyàn, tó ń bá èébì rìn, tó sì ń fúyẹ́ bí oòrùn bá ti ń ga, ó yẹ kí ẹni tó bá ní in tètè lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí èèyàn bá fi gbogbo òru dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí. Bí nǹkan bá ti fún inú agbárí pa tẹ́lẹ̀, ìdùbúlẹ̀ yẹn á tún fi kún un.

Ní ọjọ́ kan tó ń jẹun lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀. Gbígbọ̀n náà gòkè dé èjìká, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ náà sì ṣubú. Ṣíbí ni àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ ń wá kiri, kí wọ́n lè fi sí i láàárín eyín. A dúpẹ́ pé wọn kò tètè rí i. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn yẹn sì ní kí a máa gbé e lọ sí Èkó, níbi tí wọ́n ti lè yàwòrán inú orí rẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọkàn máa ń bá iṣan ńlá wọnú ọpọlọ pẹ̀lú agbára. Kó tó padà sí ọkàn, ó gbọ́dọ̀ gba inú àwọn iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín kọjá. Níbẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń rọlẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń fún ọpọlọ ní afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ló máa ń bọ́ sínú àwọn iṣan àbọ̀, tí ògiri tiwọn kò nípọn, torí a kò dá wọn fún wàhálà. Nínú orí ọmọ yìí, ní apá kan, kò sí iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín wọ̀nyẹn. Iṣan àlọ já sí iṣan àbọ̀ tààrà, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn. AVM ni àwọn dókítà ń pè é.

Ọmọ náà, tó mọ ẹ́ńjìnnì dáadáa, ló fi tirẹ̀ ṣàlàyé fún mi nígbà tí a délé. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹni tí kò mọṣẹ́ bá so ẹnu pọ́ńpù ńlá mọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń fa epo. Rọ́bà náà á wú, á máa sun omi díẹ̀díẹ̀. Ó sì lè bẹ́ lọ́jọ́ kan.

Sísun omi yẹn gan-an ló mú ọpọlọ rẹ̀ wú. Ọ̀pọ̀ tó ní AVM kò ní ọpọlọ wíwú rárá. Àwọn mìíràn kì í mọ̀ pé àwọn ní in títí tí wọ́n á fi dàgbà tí wọ́n á sì kú sí nǹkan mìíràn. Bó bá máa ń wú, ó lè jẹ́ pé iṣan náà ti ya tí ẹ̀jẹ̀ sì ti tú síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, tí ọpọlọ tó yí i ká sì ń bínú. Ó sì tún lè jẹ́ pé iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ jáde ti fún pọ̀ tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀. Ti ọmọ wa, ẹ̀jẹ̀ kò tíì tú. Ọ̀nà àbájáde ló fún. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé bí ó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, kò rí ibi gbà jáde tó bó ṣe yẹ, omi inú rẹ̀ sì ń gba ara iṣan jò sínú ọpọlọ.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ tàbí ikùn ló wú ni, ara á fẹ̀ gbà á. Agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀. Láti 1783 ni Alexander Monro, dókítà ará Scotland, ti kọ ọ́ pé inú àpótí egungun tí kò fẹ̀ ni ọpọlọ wà. George Kellie tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1824. Ohun mẹ́ta ló ń gbé inú àpótí yẹn: ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀, àti omi tó mọ́ gaara tó yí ọpọlọ ká. Bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, òmíràn ní láti dín kù. Bí kò bá sí èyí tó lè dín kù mọ́, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n á máa tì. Ẹ̀fọ́rí òwúrọ̀, èébì, ojú tó ń ṣú, oorun àsùnjù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń wá.

Nínú yàrá dókítà

Yàrá náà kéré. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún àwa mẹ́rin: ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò bàbá ọmọ náà, èmi, àti ọmọ náà. Torí pé àgbà ni wá, òun ló dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìgbà tó yá ni mo tó rò ó pé aláìsàn ló wà lóòró, àwa tí kò ṣe nǹkan kan ló jókòó.

Obìnrin ni dókítà náà, kò lè dàgbà ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbọ́n mi. "Mọ́mì, ẹ wo ibí yìí, mà. Funfun tó tàn kálẹ̀ yìí, omi ni. Àwọn dúdú tó lọ́ mọ́ra wọn yìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Ó ní, "Ṣé wọ́n fi sí i ni?"

"Rárá, mà. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀, kí wọ́n tó bí èèyàn ló ti máa ń wà níbẹ̀."

"Nínú mi?" Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Kí ni mo jẹ?"

"Ẹ ò jẹ nǹkan kan. Ẹ ò rìn lọ́sàn-án, ẹ ò wo ohun tí kò yẹ ní wíwò. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan náà ṣe hù ni." Dókítà náà tún béèrè bóyá ẹnì kankan nínú ẹbí máa ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nímú ṣáá, nítorí oríṣi kan wà tó máa ń rìn nínú ẹbí, tí ẹ̀jẹ̀ imú sì jẹ́ àmì rẹ̀. A ní kò sí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo rí i pé ara ẹ̀gbọ́n mi rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá tó ti rò pé òun ló fà á tàbí pé ọ̀tá ló ṣe é, tí wọ́n wá sọ fún un pé kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Àbúrò bàbá ọmọ náà ni kò tẹ́ lọ́rùn. Ó fẹ́ kí ẹnì kan jẹ̀bi rẹ̀.

Nígbà náà ni dókítà fi kálámù kan ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ohun tí à ń bẹ̀rù ni pé iṣan yìí lè—"

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín sọ ọ́."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ a rí i," àbúrò bàbá ọmọ náà gbè é lẹ́sẹ̀.

Mo ti rí dókítà tó máa bínú sírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó máa ní ilé ìwòsàn ni a wà, kì í ṣe ilé àdúrà. Mo sì ti rí èyí tó máa kàn dákẹ́, tó máa kọ ìwé oògùn, tó máa pe aláìsàn tó kàn. Obìnrin yìí kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó gbé kálámù sílẹ̀, ó yíjú kúrò lára wa, ó wo ọmọ tó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ìwọ lo ni orí. Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́?"

Kò sí ẹni tó ti bi í ní nǹkan kan láti ìgbà tí a ti wọlé. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi tún ìró rẹ̀ ró, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Kò gbá ilẹ̀kùn. Dókítà dúró títí ilẹ̀kùn fi padé, ó wá sọ ọ́. Iṣan náà lè ya. Nínú 100 èèyàn tó ní irú rẹ̀, bí i 2 sí 4 ló máa ń ya fún lọ́dọọdún. Ìyẹn ni pé lọ́dún kan ṣoṣo, ó sún mọ́ kó má ya ju kó ya lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 24 ṣì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú. Bí orí bá ṣàdédé fọ́ ọ lọ́nà tí kò fọ́ rí, bí apá kan bá kú, bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú 5, kí a má ṣe dúró wo nǹkan kan, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kó má lo aspirin tàbí irú rẹ̀ láìbéèrè. Kó má fi oorun ṣeré. Kó má jẹ́ kí oògùn gìrì rẹ̀ tán nílé. Kó má lúwẹ̀ẹ́.

Ọmọ náà béèrè pé, "Ṣé mo ṣì lè wa ọkọ̀?"

"Kì í ṣe báyìí."

"Ta ló máa sọ fún wọn ní èbúté?"

A kò dá a lóhùn. Dókítà pàápàá kò dá a lóhùn, torí ìbéèrè yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí a jáde, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fa tẹ̀súbáà. Kò béèrè ohun tí dókítà sọ. Ó ní, "Kí ni wọ́n ní kó má jẹ? Oògùn wo ló máa lò láàárọ̀?"

Ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá

Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ nínú mọ́tò nígbà tí a ń gba ọ̀nà Ìkòròdú padà sílé kò tíì parí tán títí di báyìí. Dókítà ní àwọn máa tọ́jú omi tó wú ọpọlọ náà ná, àwọn á fún un ní oògùn gìrì, lẹ́yìn náà àwọn á tún yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó pinnu lórí iṣan náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dí iṣan náà láti inú, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n máa wò ó lásán. Àbúrò bàbá ọmọ náà ò gbà. "Wọ́n rí àrùn, wọ́n ní àwọn ò ní yọ ọ́? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá!"

Òwe náà dára, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ṣì í lò níbí. Làpálàpá tó wà nílẹ̀ yìí ló lè pa ọmọ ní òru òní. Ẹ̀tẹ̀ náà ti bá a gbé fún ọdún 24. Èyí tó ń ti ọpọlọ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dá dúró. Ẹni tó bá sì fi ìkánjú lọ gbé ọ̀bẹ sí iṣan tó lọ́ mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé nínú ọpọlọ lè mú ẹ̀tẹ̀ lọ kó sì mú ohùn ọmọ náà lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ní òdiwọ̀n fún un. Ní 1986, Robert Spetzler àti Neil Martin gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó ń wo nǹkan mẹ́ta: báwo ni AVM náà ṣe tóbi tó, ṣé ibi tó ṣe pàtàkì nínú ọpọlọ ló wà, ṣé ìsàlẹ̀ jíjìn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbà jáde? Láti ipele 1 dé 5 ni. Ti ọmọ wa kò tó sẹ̀ǹtímítà 3, ṣùgbọ́n ibi tó wà kò dára, ọ̀nà tó ń gbà jáde náà kò dára, nítorí náà ipele 3 ni. Ó wà láàárín gbùngbùn, níbi tí àwọn dókítà fúnra wọn ti máa ń jiyàn.

Wọ́n ń jiyàn lóòótọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní ARUBA, tó jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet ní 2014, pín 223 èèyàn tí AVM wọn kò tíì ya sí ọ̀nà méjì: àwọn tí wọ́n fún ní oògùn nìkan, àti àwọn tí wọ́n tún fọwọ́ kan iṣan náà. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó pé, torí rọpárọsẹ̀ àti ikú pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ kàn ju nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní oṣù 33, tó jẹ́ ìdíwọ̀n àkókò tí wọ́n fi tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, kéré púpọ̀ fún ohun tí èèyàn máa gbé títí ọjọ́ alẹ́. Èmi rò pé àwọn náà ní àwíjàre. Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò bàbá ọmọ náà rí ni pé dókítà tó ní "ẹ jẹ́ ká wò ó ná" lè jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù.

Ó tún bi mí bóyá kì í ṣe òyìnbó nìkan ló mọ iṣẹ́ abẹ orí. Mo sọ fún un nípa Latunde Odeku, ọmọ bíbí Àwẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́, tó padà wá sí Ìbàdàn ní 1962, tó sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ. 1927 ni wọ́n bí i. Ọdún yẹn kan náà ni Egas Moniz, ní ilẹ̀ Potogí, kọ́kọ́ fi oògùn aláwọ̀ sínú iṣan alààyè, tó sì ya àwòrán iṣan inú ọpọlọ. Ìdánwò yẹn, angiogram, ló kù tí ọmọ wa máa ṣe. Ọ̀rọ̀ Odeku yìí pa á lẹ́nu mọ́ títí a fi dé afárá Ìtòkín. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Sàráà

Oògùn ṣiṣẹ́. Dexamethasone ni wọ́n fi fa omi náà wálẹ̀, levetiracetam sì ni ti gìrì. Kò pẹ́ tí orí kò fọ́ ọ mọ́ láàárọ̀, ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ tó ti ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu tún já geere. Ẹ̀gbọ́n mi pa àgbò. Àwọn àfáà wá, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n fi í wé ẹni tó ti kú tó tún jí. Inú èmi náà dùn, mo sì jẹ ẹran.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Ohun tó wú ti lọ, gbogbo ilé sì gbà pé àrùn ti lọ. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eje lọ. Iṣan náà ṣì wà níbi tó wà, kò kéré sí i, kò tóbi sí i. Oògùn yẹn kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Wíwú ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sétí wa, bó sì ti lọ, etí wa dí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa dexamethasone kí n tó kọjá, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ń rà á ní kẹ́míìsì láti fi sanra. Oògùn líle ni. Ó máa ń gbé ṣúgà ara sókè, ó máa ń bá ikùn jà, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ ṣàdédé já a lẹ́yìn tó ti lò ó pẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ọpọlọ tó wú ló yẹ fún. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló tú, ó lè ṣe ibi ju àǹfààní lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ka ohun tí mo kọ kó wá lọ rà á fún ẹlẹ́fọ̀ọ́rí ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn sàráà, kò sí ẹni tó dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Bí aládùúgbò bá béèrè, "ibà líle" ni. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní èbúté bá pè é, ó ní òun ń sinmi. Wọ́n ń retí rẹ̀ sídìí ẹ́ńjìnnì. Florence Griffith Joyner, ọmọ Amẹ́ríkà tó yára jù láyé nínú eré ìje àwọn obìnrin, gìrì ló gbé e lọ lójú oorun ní 1998, ọmọ ọdún 38. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ. Oríṣi tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ wa, àmọ́ gìrì ni gìrì ń jẹ́. Orí ibùsùn nìyẹn o. Kí ni ká ti wí nípa àárín ọ̀sà, tí èrò kún ọkọ̀, tí ẹni tó di ìdarí mú bá ṣubú?

Olóde

Mo ti gbìyànjú láti bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, kò ṣeé ṣe. Ìdí ni pé mo ń rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ṣe ti Ṣànpọ̀nná. Nígbà tó bá wọ̀lú, ta ló tó dárúkọ rẹ̀? Olóde ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ilẹ̀ ló gbóná. Wọ́n bẹ̀rù ẹnu wọn ju bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rù lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ìbẹ̀rù ẹnu yẹn dá ọwọ́ dúró. Ìlù kì í dún nílùú, ayẹyẹ kì í wáyé, ẹni tó bá sì kú, àwọn aborẹ̀ ló ń gbé e lọ, kì í ṣe àwọn ẹbí. Ẹni tó dé láti ọ̀nà jíjìn tó gbọ́ "ilẹ̀ gbóná" mọ̀ pé kóun yà sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n fi orúkọ pamọ́, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kí àrùn náà tó parí, tí ayé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán.

Àwa tòde òní ló ti gé àṣà náà sí méjì, a mú ìdákẹ́, a ju ìkìlọ̀ nù. A ò dárúkọ, a ò sì sọ fún ẹni tó yẹ kó yà. Ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn kò kọ̀ láti ṣe ohun tó yẹ. Ohun tó béèrè ni oògùn àti oúnjẹ. Òun ló ń ka hóró oògùn rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ títí di òní, òun ló sì ń jí i bó bá pẹ́ lójú oorun. Ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Kò burú. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ẹ̀mí ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tì í nínú ọkọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀ tó fẹ́ sáré mú ṣíbí wà níbẹ̀. A kò lè fi ìdákẹ́ ìyá gba ẹnu gbogbo wọn.

Mo kàn rò pé ìyá lè ní ẹ̀tọ́ láti má gbọ́, kó má sì ní ẹ̀tọ́ láti má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Dókítà yẹn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó dúró de ilẹ̀kùn.

Ní èbúté

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn ìbéèrè tí a kò dá lóhùn. Ó ní kí n bá òun lọ. A bá alága àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn mélòó kan lábẹ́ àtíbàbà wọn, wọ́n ń dúró de èrò. Kò bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ọpọlọ tàbí iṣan púpọ̀. Ó ní nǹkan kan wà nínú orí òun láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, ó máa ń fa gìrì, dókítà ní kóun má wa ọkọ̀ ná, òun á máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe lórí ilẹ̀.

Alága ní, "Ṣé itọ́ rẹ̀ kì í ràn?"

"Kì í ràn."

Síbẹ̀ ẹnì kan sún sẹ́yìn díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ náà rí i, ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní bó bá ṣẹlẹ̀ níbí, kí wọ́n má fi nǹkan kan sí òun lẹ́nu, kí wọ́n má di òun mọ́lẹ̀, kí wọ́n kó irin kúrò nítòsí, kí wọ́n yí òun sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n wo aago. Alága ní kó fi hàn wọ́n. Ó dùbúlẹ̀ sórí pákó, ọ̀kan nínú wọn sì yí i, ó ṣì í yí, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tún un yí.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ọjà Olúwó kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì bá èmi náà sọ̀rọ̀. Oògùn alẹ́ sì wà nínú abọ́ kékeré níbi tó máa ń gbé e sí.

Bí a ṣe ń kúrò ní èbúté, ẹni tó sún sẹ́yìn yẹn tẹ̀ lé wa dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ó ní àbúrò òun obìnrin ń bẹ nílé, gìrì máa ń gbé e láti kékeré, wọn kì í jẹ́ kó jáde. Ó béèrè ọjọ́ tí àwọn dókítà yẹn máa ń gba èèyàn. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní òun máa kọ́kọ́ bá ìyá àwọn sọ ọ́ ná.